CPU mi tí mo overclock (mo mú un sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ): áàpù kan ní ooru ẹ̀ jẹ́ dígírì 64, èkejì ní 91, èwo ni kí n gbà gbọ́?

Adunni49
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Kọ̀ǹpútà ilé mi ni, CPU Intel i7-8700K ló wà nínú ẹ̀, fáànù ńlá méjì ló ń fẹ́ ẹ, kì í ṣe olómi. Tẹ́lẹ̀, gbogbo core mẹ́fẹ̀ẹ̀fà (àwọn apá tó ń ṣiṣẹ́ nínú CPU) máa ń sáré ní 4.3 GHz tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, mo wá wọ BIOS (ibi ètò kọ̀ǹpútà kí Windows tó tan), mo gbé e sí 4.9, mo fún un ní 1.36 fólítì, Windows tan láìjanpata, géèmù ń lọ geerege, inú mi dùn. Mo ní kí n wá dán an wò dáadáa, mo ṣí Prime95, áàpù tó ń fi ìṣirò líle dán CPU wò, mo yan Small FFTs, ìdánwò ẹ̀ kan, ìgbà yẹn ni wàhálà dé. Áàpù tó bá motherboard (bọ́ọ̀dù ńlá inú kọ̀ǹpútà) wá ń sọ fún mi pé CPU wà ní 64, mo ní áà, ó tutù nìyẹn, mo wá ṣí Core Temp sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, òun ní core kẹta wà ní 91! Kọ̀ǹpútà kan náà, ìṣẹ́jú kan náà o. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Tó bá jẹ́ 64 ni, mo fẹ́ gbé e lọ sí 5.0 lálẹ́ yìí, tó bá jẹ́ 91 ni, ẹ sọ fún mi kí n tètè sá.

OmoSilikoni
Má gbé e lọ síbì kankan lálẹ́ yìí o. 91 ni kí o gbà gbọ́.

Kì í ṣe pé ìkan ń parọ́ ṣá, ibi tí wọ́n ti ń wo ooru ni ò dọ́gba. Èyí tí áàpù motherboard ń kà, lọ́pọ̀ ìgbà sẹ́ńsọ̀ tó wà nísàlẹ̀ níbi ihò tí CPU jókòó sí ni, ooru ti rìn jìnnà kó tó débẹ̀. Èyí tí Core Temp ń kà wà nínú core gan-an, Intel fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú core kọ̀ọ̀kan, DTS ni wọ́n ń pè é. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀ nípa DTS yìí ni pé kì í sọ pé òun wà ní 91, ohun tó ń sọ ni pé ó ku 9 kóun dé òpin. Òpin yẹn ni TjMax, ti 8700K jẹ́ 100. Áàpù á wá yọ 9 kúrò nínú 100, á kọ 91 síwájú ẹ. Torí ẹ̀ ni nọ́ńbà ẹ̀ fi péye jù tó bá ti ń sún mọ́ òpin, àmọ́ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń sinmi lásán, ó lè fi dígírì mélòó kan ṣìnà, kò sí ohun tó kàn wá níbẹ̀.

Wá HWiNFO64, áàpù tó ń ka gbogbo sẹ́ńsọ̀, ṣí i, yan Sensors-only, kí o wá ibi tí wọ́n kọ CPU Package (ooru CPU lódindi) sí àti Core Max (core tó gbóná jù). Ọ̀wọ́ Maximum ni kí o máa wò, má wo Current nìkan, torí kí o tó ṣẹ́jú, Current ti wálẹ̀. Kí o sì pa áàpù tó kù kí o tó ṣí i, tí méjì mẹ́ta bá ń bá sẹ́ńsọ̀ motherboard sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu, nọ́ńbà rádaràda lo máa máa rí.

Lekeleke_PC
Ṣé Task Manager ò lè fi hàn ni? Ọ̀pọ̀ áàpù yìí ti sú mi.

OmoSilikoni
Ti GPU (káàdì àwòrán) ló ń fi hàn, ooru CPU ò sí níbẹ̀.

BabaVoltage
Kí gbogbo yín tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pésìtì (ohun tí wọ́n ń fi sáàárín CPU àti irin fáànù kí ooru lè kọjá) àti fáànù da ọmọ ọlọ́mọ láàmú, ẹ wo fóltéèjì yẹn ná. 1.36! Kílọ́ọ̀kù (bí CPU ṣe ń sáré tó) tó bá fi 10% lọ sókè, iná tí CPU ń jẹ náà á fi nǹkan bíi 10% lọ sókè, ṣùgbọ́n fóltéèjì tó bá fi 10% lọ sókè, 21% ni iná fi máa lọ sókè, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni fóltéèjì wọ inú ìṣirò yẹn, ẹ máa fi sọ ara ẹ̀ di púpọ̀ ni. Ká ní 1.20 ni àbúrò ń lò nígbà tó wà ní 4.3. Ẹ fi 4.3 pín 4.9, ẹ máa rí nǹkan bíi 1.14. Ẹ fi 1.20 pín 1.36, kí ẹ sọ ìdáhùn yẹn di púpọ̀ nínú ara ẹ̀, ẹ máa rí 1.28. Ẹ fi ìkan sọ ìkejì di púpọ̀. Ibi tó ti ń jẹ 100 wáàtì tẹ́lẹ̀, nǹkan bíi 146 ló ń jẹ báyìí, fáànù ò sì yí padà, irin tó ń gba ooru ò yí padà. Kí ló fẹ́ ṣe tí kò ní gbóná?

Ẹ̀ẹ̀kejì, 8700K ní àìsàn tiẹ̀. 2017 ni wọ́n gbé e jáde, Intel ṣì ń fi pésìtì sáàárín sílíkọ́nì àti ìdérí irin tó bò ó nígbà yẹn, láti Ivy Bridge ní 2012 ni wọ́n ti ń ṣe é lórí irú àwọn CPU ilé báyìí. Sandy Bridge tó wà ṣáájú, irin yíyọ́ ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. 9900K ní 2018 ni wọ́n tún padà sí irin yíyọ́. Nítorí náà, fáànù tó dára tó báwo ni àbúrò gbé lé e, ooru ṣì máa há sábẹ́ ìdérí yẹn díẹ̀. Àwọn kan máa ń ṣí ìdérí yẹn kúrò kí wọ́n fi pésìtì olómi irin sí i. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni ṣe é o, CPU ti bàjẹ́ mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́.

IyaFaanu
Ẹ kú àlàyé ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó béèrè bí yàrá yẹn ṣe gbóná tó. Fáànù ò lè mú CPU tutù ju atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí i lọ. Ẹni tó ní òun rí 81 nínú yàrá tó wà ní 20 àti ẹni tó rí 91 nínú yàrá tó wà ní 30, iṣẹ́ kan náà ni fáànù àwọn méjèèjì ń ṣe, 61 ni àlàfo tó wà láàárín yàrá àti CPU lọ́dọ̀ ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn. Àlàfo yẹn ni kí ẹ máa fi wé ti ẹlòmíì. Mo máa ń rí àwọn tó ń bú fáànù wọn torí pé wọ́n rí foto ẹnì kan tó ń lo kọ̀ǹpútà nínú òtútù.

Àdúnní, ṣe èyí fún mi. Jẹ́ kí Prime95 ṣiṣẹ́ títí nọ́ńbà á fi dúró lójú kan, kí o wá ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ kéèsì kọ̀ǹpútà náà, má pa á o. Tí ooru bá wálẹ̀ dáadáa, a jẹ́ pé atẹ́gùn gbígbóná ló há sínú kéèsì, fáànù tó ń kó atẹ́gùn wọlé àti èyí tó ń tì í síta lo máa tún tò. Tí kò bá wálẹ̀ tàbí tó jẹ́ dígírì kan àbọ̀ péré, ọ̀rọ̀ ò sí lọ́dọ̀ kéèsì, ọ̀dọ̀ Baba Voltage ló wà.

Lekeleke_PC
Èmi ò rí ìdí tí ẹ fi ń fi Prime95 dán kọ̀ǹpútà géèmù wò. Ta ló ń ta Prime95? Ọmọ yẹn ní géèmù ń lọ geerege. Ẹ ní kó lọ gbé ẹrù tí kò ní gbé láyé ẹ̀, ẹ wá ń sọ pé ọrùn ń dùn ún. Cinebench péré, ìdánwò tó fúyẹ́ ju ìyẹn lọ, ti tó. Mo ti ń lo tèmi bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́, n ò tiẹ̀ kí ń wo nọ́ńbà mọ́, CPU òde òní mọ bí òun ṣe máa dáàbò bo ara ẹ̀.

OmoSilikoni
@Lekeleke_PC ìdajì ọ̀rọ̀ ẹ jẹ́ òótọ́. Prime95 fúnra ẹ̀, wọn ò tiẹ̀ tìtorí ooru ṣe é, nọ́ńbà prime ńláńlá irú ti Mersenne ni wọ́n fi ń wá, ìṣirò yẹn ló kàn le débi pé kò sí apá CPU tó ń sinmi. Tó bá wá lo AVX, àṣẹ inú CPU tó ń ṣírò nọ́ńbà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ooru ẹ̀ máa ń ga ju ti géèmù lọ fíìfíì. Ìyẹn yé mi. Àmọ́ o ò mọ ohun tí Àdúnní máa fi kọ̀ǹpútà ẹ̀ ṣe lọ́la. Ẹni tó bá ń ṣe fídíò, tó ń fún un pọ̀ kó tó gbé e jáde, AVX náà ni sọ́fúwíà yẹn ń lò, ó sì lè fi wákàtí gbáko ṣe é.

Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé Prime95 tuntun ní ibi tí o ti lè máàkì pé kó má lo AVX àti AVX2. Mo máa ń lo Small FFTs láìsí AVX láti fi wo ooru, torí ẹrù ẹ̀ kì í lọ sókè sódò, ó dúró ṣinṣin, nọ́ńbà tó bá mú jáde lónìí lo lè fi wé ti oṣù tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa wá lo iṣẹ́ tí mo ń ṣe gan-an. Tí BIOS ẹ bá ní AVX offset, fi 2 síbẹ̀. Ìyẹn ni pé tí iṣẹ́ AVX bá dé, 4.9 á fúnra ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí 4.7.

Ti pé ó mọ bí ó ṣe máa dáàbò bo ara ẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni, tó bá kan 100 á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kílọ́ọ̀kù kù, tí ìyẹn ò bá ràn án, á pa ara ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí lo wá ń overclock fún, tó bá jẹ́ pé nígbà tí iṣẹ́ dé gan-an ló máa rọra sọ̀ kalẹ̀ sí 4.4 láìsọ fún ẹ? O lè máa yangàn 4.9 lórí foto, kó sì jẹ́ pé 4.9 yẹn ò sí níbẹ̀.

Adunni49
Ẹ ṣé gan-an ni o, mi ò mọ̀ pé ẹ máa pọ̀ báyìí. Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀. Yàrá mi wà ní 28. Mo lo Small FFTs láìsí AVX, mo jẹ́ kó ṣiṣẹ́ dáadáa kí n tó kà á. Ohun tí HWiNFO kọ nìyí:

CPU Package, Maximum: 94
Core tó gbóná jù: core 3, 94. Èyí tó tutù jù: core 0, 86
Vcore (fóltéèjì tó ń wọ CPU) nígbà tó ń ṣiṣẹ́: 1.392
Thermal Throttling (dídín kílọ́ọ̀kù kù torí ooru): No
Kílọ́ọ̀kù: 4.9, kò mì

Mo ṣí ẹ̀gbẹ́ kéèsì bí Ìyá Fáànù ṣe wí, 94 di 93. Ó tún ku ohun kan tó dẹ́rù bà mí, ó wà nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn sẹ́ńsọ̀ motherboard, wọ́n kọ AUXTIN síbẹ̀, ó ń sọ pé 116! Kí ló wà níbẹ̀ tó ń jó?

IyaFaanu
Dígírì kan. Kéèsì ẹ ò ní ẹ̀sùn kankan láti jẹ́, pa á dé.

OmoSilikoni
AUXTIN yẹn, kò sí nǹkan tó ń jó. Ṣíìpù tó ń ka sẹ́ńsọ̀ lórí motherboard ní ihò púpọ̀, ẹni tó ṣe bọ́ọ̀dù náà kì í sì í fi wáyà sí gbogbo ẹ̀, ihò tó bá ṣófo á wá máa ka ohun tó bá wù ú, ó lè jẹ́ 116, ó lè jẹ́ 127, mo ti rí èyí tó ń sọ pé òun wà lábẹ́ òdo nínú yàrá gbígbóná. Ohun tí o máa fi mọ̀ ọ́n ni pé tí iṣẹ́ bá wọlé tí iṣẹ́ bá jáde, nọ́ńbà yẹn ò ní yí padà. Fi right-click pa á mọ́ kó má máa já ẹ láyà.

Core 3 àti core 0 tó fi 8 jìnnà síra, kò bà jẹ́. Core àárín máa ń gbóná ju ti ẹ̀gbẹ́, pésìtì abẹ́ ìdérí náà kì í dọ́gba. Tó bá jẹ́ 20 ni wọ́n fi jìnnà síra ni mo máa ní kó o lọ tún irin fáànù náà dè.

BabaVoltage
Ẹ dákẹ́ ná, ẹ dákẹ́. Ṣé kò sẹ́ni tó rí Vcore yẹn ni? Ó ní 1.36 lòun fi sínú BIOS. HWiNFO ní 1.392 ló ń wọlé nígbà iṣẹ́. Àbúrò, ipele wo lo fi Load-Line Calibration sí?

Adunni49
Èyí tó ga jù lọ, Bàbá. Fídíò tí mo wò ló ní kí n fi síbẹ̀ kó má baà dákú.

BabaVoltage
Ẹ wá wo nǹkan.

Ó yé yín báyìí? Nígbà tí ẹrù bá wọ CPU, fóltéèjì máa ń rọ̀ díẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kò sí àléébù níbẹ̀. LLC, ìyẹn Load-Line Calibration, ló ń tì í padà sókè. Tí ẹ bá fi LLC sí ipele tó ga jù, kì í ṣe pé kò ní jẹ́ kó rọ̀ nìkan, lórí bọ́ọ̀dù míì ṣe ló máa gbé e kọjá ohun tí ẹ béèrè. Èyí tó tún burú ni pé nígbà tí ẹrù bá ṣàdédé kúrò, fóltéèjì á fò sókè fẹ́ẹ́ kó tó padà wálẹ̀, HWiNFO ò sì lè rí ìfò yẹn torí ìṣẹ́jú àáyá méjì méjì ló ń yọjú wo sẹ́ńsọ̀ tí ẹ ò bá yí i padà, ìfò yẹn ti ṣẹlẹ̀ ó ti tán kó tó yọjú.

Àbúrò, ṣe báyìí. LLC, fi sí àárín. Kílọ́ọ̀kù, 4.8. Fóltéèjì, ẹ máa wá a títí ẹ máa fi rí 1.28 nínú HWiNFO nígbà tí Prime95 ń ṣiṣẹ́, ẹ má wo ohun tí ẹ kọ sínú BIOS, ohun tó ń wọlé ni kí ẹ wò. Mo máa sọ ohun tí ẹ máa rí fún yín tẹ́lẹ̀. 94 yọ 28 yàrá kúrò, ó ku 66. Láti 1.39 sí 1.28 àti láti 4.9 sí 4.8, iná tó ń jẹ á fi nǹkan bíi 17% dín kù. 66 tó bá dín 17% kù, ó ku 55. 55 pẹ̀lú 28, 83. Tí kò bá wà láàárín 80 sí 85, ẹ padà wá bú mi.

RyzenDudu
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo já wọ àárín ọ̀rọ̀ yín, ẹ̀yin ọ̀gá. Tèmi kì í ṣe Intel. Ryzen 7 1700X ti AMD ni, kò sí overclock tí mo ṣe rárá, tó bá ń sinmi ó wà ní 52, tó bá ń ṣiṣẹ́ ó wà ní 85, àmọ́ tí mo bá fọwọ́ kan irin fáànù, ó tutù. Ọ̀rẹ́ mi ní 1700 tí kò ní X, tiẹ̀ ń sinmi ní 33. Mo ti pààrọ̀ pésìtì títí.

OmoSilikoni
Fi pésìtì sílẹ̀. AMD mọ̀ọ́mọ̀ fi 20 kún nọ́ńbà yẹn ni, lórí 1700X àti 1800X, 1700 ò ní in, torí ẹ̀ ni ti ọ̀rẹ́ ẹ fi rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe é kí fáànù gbogbo CPU inú ìdílé yẹn lè máa ṣe bákan náà. Nọ́ńbà tó ní àfikún nínú ni Tctl, èyí tó jẹ́ ooru gidi ni Tdie. HWiNFO ń kọ méjèèjì. 85 ẹ, 65 ni. 2700X náà ní tiẹ̀, 10 ni, Threadripper àkọ́kọ́ ní 27. Áàpù àtijọ́ tí kò mọ̀ nípa ẹ̀ á kàn ka Tctl fún ẹ bó ṣe wà.

Alaafin_GHz
Kí ẹ sì má fi òpin CPU kan ṣe òfin fún òmíì o. 5800X3D ti AMD, 90 ni òpin ẹ̀. 7800X3D, 89. 7950X àti àwọn X yòókù tó jáde ní 2022, wọ́n kọ́ wọn pé kí wọ́n máa sáré títí wọ́n á fi kan 95, wọ́n á sì dúró síbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá wúwo. Ẹni tó ń bọ̀ láti orí Sandy Bridge tó bá rí 95 lórí 7950X, àyà ẹ̀ á já, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.

RyzenDudu
Háà! Ọlọ́run á san án fún yín. Ó ku ẹyọ kan: 5600X tí àbúrò mi ń lò, tó bá ń sinmi, nọ́ńbà á wà ní 40, á fò sí 56, á tún wá sí 42, fáànù á máa pariwo á máa dákẹ́, ó ń da gbogbo ilé láàmú.

IyaFaanu
Core kan ló ń jí lójijì láti ṣe iṣẹ́ kékeré kan, á gba fóltéèjì gíga fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ibi tó kéré bíńtín lórí sílíkọ́nì ni gbogbo ooru yẹn jọ sí, sẹ́ńsọ̀ sì ń sọ ibi tó gbóná jù. Irin fáànù ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Wọ BIOS, níbi tí wọ́n ti ń to fáànù, wá ibi tí wọ́n kọ step-up time tàbí smoothing, jẹ́ kí fáànù ní sùúrù díẹ̀ kó tó dáhùn, kí ìlà náà sì wà pẹrẹsẹ títí dé 60. Ariwo yẹn tán.

Penguin_Ibile
Àwa tí à ń lo Linux, tí a ò lo Windows, ńkọ́? Ṣé a ò kí ń ṣe ọmọ bàbá yín ni 😂

OmoSilikoni
Tiyín ló rọrùn jù. Ẹ gbé lm-sensors sílẹ̀, ẹ fi sudo ṣe sensors-detect, kí ẹ wá kọ `watch -n 2 sensors`. Intel á jáde lábẹ́ coretemp, AMD á jáde lábẹ́ k10temp. Ó parí.

Omi_Tutu
Mo fẹ́ bi nípa olómi. AIO ni mo ń lò, irú olómi tí wọ́n ti tò pọ̀ látilé iṣẹ́. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ Cinebench, 68 ni, mo dùn, tó bá wá ṣe bíi ogún ìṣẹ́jú, á ti dé 80. Ṣé pọ́m̀pù ń kú lọ ni?

IyaFaanu
Rárá o. Bí ẹni gbé omi kaná ni, omi inú ẹ̀ ló ń gba ooru díẹ̀díẹ̀ títí á fi débi tí rédíétọ̀ ti ń tú u síta bó ṣe ń wọlé. Nọ́ńbà ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ kì í ṣe nọ́ńbà, ẹni tó ń lo olómi gbọ́dọ̀ dúró di nǹkan bíi ìdajì wákàtí kó tó sọ pé òun mọ ooru òun. Pọ́m̀pù tó kú, o ò ní bi wá léèrè. Kíá báyìí láti 40 dé òpin ni, rédíétọ̀ á sì tutù gbọ̀nrìngbọnrin nígbà tí CPU ń jó, torí omi ò rìn. Wo RPM pọ́m̀pù nínú HWiNFO, tó bá wà níbẹ̀ tí kò lọ sókè sódò, fọkàn balẹ̀. Kí o sì rí i pé ihò tí o kì í sí lórí bọ́ọ̀dù ń fún un ní iná tó pé nígbà gbogbo, kì í ṣe èyí tó ń dín in kù bíi ti fáànù.

Adunni49
Bàbá Voltage!!! 82! Mo fi LLC sí àárín, 4.8, mo rí 1.28 nígbà iṣẹ́, yàrá ṣì wà ní 28, Package Maximum 82. Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?

Tó bá wá jẹ́ géèmù ni mò ń ta, 67. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí mi, mo fẹ́ bi yín: ṣé 82 yìí ò fi àyè sílẹ̀ fún 5.0 báyìí?

BabaVoltage
Ìṣirò ni, àbúrò, kò sí oògùn níbẹ̀.

5.0 kẹ̀? Ẹ gbìyànjú ẹ̀ tó bá wù yín, ṣùgbọ́n kí ẹ má fi ooru nìkan ṣe odiwọ̀n. Àwọn èèyàn rò pé níwọ̀n ìgbà tí CPU bá ti tutù, wọ́n lè fún un ní fóltéèjì bó ṣe wù wọ́n. Fóltéèjì gíga máa ń jẹ CPU láti inú wá, ooru kàn ń mú un yá ni. Ẹ rántí 2024, tí àwọn CPU Intel ìran 13 àti 14 ń dákú káàkiri, Intel fúnra wọn ló sọ pé fóltéèjì tó ga jù bó ṣe yẹ lọ wà nínú ohun tó fà á, wọ́n sì gbé microcode 0x129 (àtúnṣe sọ́fúwíà inú CPU) jáde lóṣù kẹjọ láti dín in kù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ni CPU yẹn ò tiẹ̀ overclock nǹkan kan.

Lekeleke_PC
Bàbá ti ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn. Gbé e sí 5.0 jàre!

OmoSilikoni
Tí o bá máa gbé e, to alert sílẹ̀ kó o tó ṣe bẹ́ẹ̀. HWiNFO lè ké tí Package bá kọjá 90, Core Temp ní ibi tó ti lè pa kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ tó bá gbóná jù. Kí o sì tẹ bọ́tìnnì logging nísàlẹ̀ HWiNFO kí o tó bẹ̀rẹ̀ géèmù, á máa kọ gbogbo nọ́ńbà sínú fáìlì CSV. Tí kọ̀ǹpútà bá dákú, ìlà tó kẹ́yìn nínú fáìlì yẹn ló máa sọ ibi tí gbogbo nǹkan wà nígbà tó kú. Láìsí ẹ̀, àbá lásán la máa máa dá níbí.

Adunni49
Ó dákú o. 5.0, mi ò fi kún fóltéèjì, 1.28 náà ni mo fi sílẹ̀, mò ń ta géèmù, ojú kọ̀ǹpútà di búlúù, WHEA_UNCORRECTABLE_ERROR. Mo ti ṣí CSV. Ìlà tó kẹ́yìn: Package 71, core tó gbóná jù 71, Vcore 1.280, kò sí throttling. Àmọ́ ibi tí wọ́n kọ Windows Hardware Errors sí, òdo ló wà látìbẹ̀rẹ̀, nígbà tó kù díẹ̀ kó kú ó ti di 3. Ooru 71 péré! Kí ló wá pa á?

OmoSilikoni
Ebi ló pa á, ooru kọ́. 1.28 ò tó 5.0 jẹ. Àṣìṣe 3 yẹn ni CPU fi ń pariwo kó tó ṣubú. Tó bá jẹ́ pé ooru ni, o ò bá rí 100 kí o sì rí kílọ́ọ̀kù tó ń sọ̀ kalẹ̀ ná, kò ní ṣàdédé kú ní 71.

BabaVoltage
Bẹ́ẹ̀ ló rí. Tí ẹ bá fẹ́ kí 5.0 dúró, ẹ máa padà sí 1.36, 1.38 lọ́hùn-ún, Prime95 á sì gbé yín padà sí 94 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí CPU yẹn pẹ̀lú fáànù yẹn, 4.8 ló gbà. Ẹ padà síbẹ̀. Kí ẹ sì máa wo ìlà àṣìṣe yẹn lórí 4.8 náà fún ọ̀sẹ̀ kan, ó gbọ́dọ̀ wà ní òdo.

Adunni49
Mo ti padà sí 4.8, mo ti sẹ́fù ẹ̀ sínú profile BIOS kí n má baà máa kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Òdo ló wà títí di báyìí. Ẹ ṣé o, gbogbo yín.

Lekeleke_PC
Àdúnní, bá mi fi foto bí o ṣe to HWiNFO yẹn síbí, mo fẹ́ wo tèmi náà ná.